Òrí Ni Mo Tà, Kì í Ṣe Gírísì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo gìgísẹ̀ yín. Ẹ má bínú. Àwọn kan máa ń wo ojú ènìyàn kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn a máa wo aṣọ. Ní tèmi, gìgísẹ̀ ni mò ń wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Orúkọ mi ni Àmínátù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ọ̀fà tí ẹ ń béèrè Àmínátù, wọn yóò bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ béèrè Ìyá Onípara. Òrí ni mo fi gbogbo ayé mi pò. Mo tà á, mo fi pa ọmọ tuntun, mo fi pa ìyàwó, mo fi pa arúgbó. Kí awọ ara ènìyàn má gbẹ, kó má sán, kó má bó, iṣẹ́ mi nìyẹn.

Kí òmìnira tó dé ni mo ti wọ iṣẹ́ yìí. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Adúmáradán, wọ́n kí ara wọn, wọ́n jẹ obì, bàbá mi sì gba ọ̀nà ilé lọ láìwẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó oṣù kò sí nínú àdéhùn wa. Oúnjẹ wà, aṣọ ọdún Iléyá wà, ìgbátí sì wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Adúmáradán ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é. Obìnrin náà dúdú, ó ga, ara rẹ̀ sì ń dán bí ìkòkò tuntun tí wọ́n fi epo nù. Àtíbàbà tó ti ń ta òrí kò jìnnà sí ojú irin, débi pé bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo igbá òrí wa á máa gbọ̀n. Ní ọjọ́ tí mo dé, kò béèrè orúkọ mi. Ó ní, “Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè kí n rí gìgísẹ̀ rẹ.”

Mo gbé e sókè. Ìgbà ọyẹ́ ni, ẹsẹ̀ mi sì ti sán kọjá ààlà. Ìyá wò ó, ó tún un wò, ó wá kígbe pe àwọn aládùúgbò rẹ̀.

“Ẹ gbà mí, ẹ wá wo ohun tí wọ́n mú wá fún mi! Bí òjò bá lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àgbàdo á hù níbí!” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ lo fẹ́ ta ohun tó ń mú ara dán fún ọmọ aráyé? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ yìí. Títí gìgísẹ̀ yìí á fi pa ẹnu dé, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọjà mi.”

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Àmọ́ mo fi ẹsẹ̀ sómi gbígbóná láràárọ̀, mo fi òrí pa á, títí tí gìgísẹ̀ mi fi pa ẹnu dé. Ẹnu tèmi náà pa dé, torí mo ti mọ irú ọ̀gá tí mo ní.

Òfin Ìyá pọ̀ ju ti kóòtù lọ. Ní àràárọ̀, àwa ọmọ-iṣẹ́ á tò síwájú rẹ̀, á sì fi èékánná fa ìlà sí wa lápá. Bí ìlà náà bá funfun, a jẹ́ pé ara rẹ gbẹ nìyẹn, o ò sì ní bá ẹnikẹ́ni tajà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ilé ni wàá wà, níbi tí a ti ń fọ́ èso emi tí òrí ti ń jáde, níbi tí èéfín á ti fọ́ ọ lójú. Ohun tó kọ́ mi nípa awọ ara kò tíì já mi kulẹ̀ títí dòní. Mo rí i pé gbogbo ènìyàn ló máa ń wẹ̀ tán, wọ́n á nura gbẹ táútáú, kí wọ́n tó wá fi òrí para. Ìyá ní òmùgọ̀ ni wọ́n.

“Òrí kì í ṣe omi, Àmínátù. Omi ni àlejò, òrí ni ilẹ̀kùn. Ara kò gbọdọ̀ gbẹ tán kí o tó fi òrí pa á. Bí o bá jẹ́ kí àlejò jáde tán kí o tó tilẹ̀kùn, ta lo wá tì mọ́lé?”

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Lọ́nà oko Òjòkú la ti ń ṣa èso emi. A ó sè é, a ó sá a, a ó fọ́ ọ, a ó yan án, a ó gún un, a ó wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí á fi dúdú kìjikìji. Lẹ́yìn náà la ó máa da omi sí i, a ó máa fi ọwọ́ pò ó títí òrí á fi yọ sókè ní funfun. Wọ́n máa ń sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wá po òrí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Apá mi le nígbà náà débi pé àwọn ọmọkùnrin àdúgbò kì í bá mi ṣeré ọwọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ, òun náà ló sì fẹ́ bà wá láyé jẹ́. Imú Ìyá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kò sí òrí tí a ó ṣí tí imú ọmọ-iṣẹ́ á kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìyá gbàgbọ́ pé ọmọ-iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn òrí ti gbé adùn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá ń ṣí igbá, a ó sé èémí, a ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ẹran òkú wà níwájú rẹ̀. Ìyá á wá tẹ̀ síwájú, á fa imú rẹ̀ fííí, á ní, “Èyí dára,” tàbí, “Èyí ti kan.” Kò sì ṣì í rí. Gbogbo ìyàwó Ọ̀fà ló mọ̀ pé bí imú Ìyá Adúmáradán bá ti fọwọ́ sí òrí, ó tán.

Nígbà náà, ohun tí a ń kó òrí sí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Inú igbá la ti ń kó òrí sí tẹ́lẹ̀, tí a ó fi ewé bò ó. Ọmọkùnrin kan wá wà ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Múfútáù, rélùwéè ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá ra àwọn agolo ńlá tí gírísì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, ti tán nínú wọn. A ó fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n títí wọn kò fi ní rùn mọ́. Òrí kì í yọ́ jáde nínú agolo, eku kò sì lè jẹ ẹ́. Inú Ìyá dùn. Ó ní òyìnbó náà máa ń ronú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé Rálíátù níyàwó. Rálíátù ni àbúrò Múfútáù, ọkọ rẹ̀ sì wá láti Ìjàgbo. Ọmọ náà rẹwà, àmọ́ awọ ara rẹ̀ gbẹ bí ewé àgbàdo, ọyẹ́ ọdún náà sì le. Nígbà tí àwọn ará ọkọ wá kí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, wo apá ọmọ náà níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ṣé ìyàwó la wá fẹ́ ni, àbí igi ìdáná?”

Ìyá Adúmáradán wà níbẹ̀. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. “Ẹ ṣeun, Ìyá Ìjàgbo. Ọjọ́ tí ẹ bá ń mú un lọ, ẹ fi èékánná yín fa ìlà sí i lápá. Bí ẹ bá rí funfun, mo fi òrí títà sílẹ̀ títí ayé mi.”

Bí Ìyá bá fi òrí sílẹ̀, ibo lèmi wọlé sí? Ọ̀gá mi kò tíì dá mi sílẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá kùnà lójú ọjà, ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀? Láti ọjọ́ náà, awọ ara Rálíátù di iṣẹ́ gbogbo wa. Láràárọ̀ la ń wẹ̀ ẹ́, a ń fi òrí pa á kí omi tó gbẹ lára rẹ̀. Ó ń dára sí i díẹ̀díẹ̀, ọkàn mi sì ń balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì. Àwọn ìyá ilé pé jọ ní ọ̀sán láti fi òrí pa ìyàwó fún ìgbà ìkẹyìn, Rálíátù sì ń sun ẹkún ìyàwó gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Òtútù ti mú Ìyá láti ọjọ́ mélòó kan. Imú rẹ̀ dí pátápátá, ó ń fi ẹnu mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un pé kó lọ sinmi? Ó rán mi lọ sí àtíbàbà pé kí n gbé agolo òrí tó wà ní igun wá. Mo gbé e wá. Mo ṣí i, mo sé èémí, mo yíjú gẹ́gẹ́ bí òfin. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó fa imú rẹ̀, ohun tó jáde kò ju ariwo lọ. Ó ní, “Èyí dára.”

Lẹ́yìn tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí i ni èmi náà tó mí. Háà! Òórùn tó wọ imú mi kì í ṣe ti òrí. Ohun tó wà nínú agolo náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òrí tó ti pẹ́, ó ki bí òrí, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe.

“Ìyá,” ni mo wí, “ẹ jọ̀ọ́, òórùn nǹkan yìí...”

Ìgbátí dé kí n tó parí ọ̀rọ̀. “Imú ta ni? Imú ta ló ń ṣáájú níbí?”

Mo ní, “Imú yín ni, Ìyá.”

“Ó dáa. Bù ú wá.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bù ú wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ọmọ náà láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Imú Rálíátù kò dí ní tirẹ̀. Ó bú sẹ́kún gidi. Ó ń fi ohùn ẹkún ìyàwó sọ pé, “Ìyá mi o, kí lẹ fi ń pa mí yìí o! Ó ń rùn o, ẹ má fi pa mí mọ́ o!”

Àwọn ìyá àgbà mi orí. Ọ̀kan ní, “Ọmọ yìí mọ ẹkún í sun! Tèmi kò dáa tó báyìí láyé ìgbà tèmi.” Òmíràn ní, “Ẹ wo omijé gidi! O káre, ọmọ àtàtà.” Bí ó ṣe ń sunkún tó ni wọ́n ń yìn ín tó, bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni wọ́n sì ń fi kún un. Àwọn tí òórùn náà dé imú wọn rò pé òrí olówó iyebíye ni. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sá lọ.

Ọyẹ́ wá fẹ́. Gbogbo eruku Ọ̀fà tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ rí ibi sọ̀ sí. Ìyàwó tó yẹ kó máa dán wá dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n fi aṣọ nù ún, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn. Àkókò yẹn gan-an ni Múfútáù ti ibi iṣẹ́ dé. Kò tíì wọlé tán tó fi dúró, tó gbé imú sókè.

“Ẹ kú ìnáwó o. Ta ló ń tún ẹ́ńjìnì ṣe níbí?”

Ó rí agolo, ó rí àbúrò rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. “Yéè! Gírísì rélùwéè nìyí! Wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn tó ń tún ojú irin ṣe lọ́la. Mo gbé e sí àtíbàbà Ìyá kí àwọn ọmọdé ilé ìnáwó má baà fọwọ́ kàn án!”

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìyá ìyàwó lọgun. Mo wo ojú ọ̀gá mi, mo sì rí ohun tí n kò rí níbẹ̀ rí: ẹ̀rù ń ba Ìyá Adúmáradán. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, pẹ̀lú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì ń ta mí.

Múfútáù ní, “Ẹ jẹ́ n bu kẹrosíìnì wá. Òun la fi ń fọwọ́ níbi iṣẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló jí Ìyá. “Ṣé àtùpà ni àbúrò rẹ ni? Kúrò níwájú mi!” Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Àmínátù, ìwọ ti gbọ́ òórùn rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Mo sì gbá ọ létí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Níwájú gbogbo ìyá ilé, Ìyá ní, “Imú tèmi ti kú lónìí. Tìrẹ la ó lò. Lọ gbé òrí gidi wá, kí o sì gbóòórùn rẹ̀ kí o tó gbé e.”

Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. A yọ́ òrí, a fi pa ọmọ náà dáadáa kí gírísì lè tú. A da ìyẹ̀fun láfún lé e, a fi ọwọ́ ra á, láfún ń mu gírísì bọ̀ bí àkàrà ṣe ń mu epo. Rálíátù di funfun, ó di eérú, ó tún di funfun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀. Ìyá kò jẹ́ kí a ha á, ó ní awọ tí a bá ha lónìí á gbẹ lọ́la. Nígbà tí òórùn fi lọ, oòrùn náà ti fẹ́ wọ̀. Bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀ ni a fi òrí pa á, a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdájí. Gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ bu òrí, Ìyá á nawọ́ agolo sí mi, á dúró, á máa wo imú mi bí ẹni ń retí ọkọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ará Ìjàgbo dé. Wọ́n ti so yìgì, ó ku kí wọ́n mú ìyàwó lọ. Ìyá Ìjàgbo kò gbàgbé o. Ó fa apá Rálíátù, ó fi èékánná fa ìlà gbọọrọ sí i. Gbogbo wa sé èémí. Ó wò ó. Kò sí funfun. Ó fa òmíràn, ó fi agbára sí i. Apá náà dúdú, ó ń dán, ìlà náà parẹ́ bí ẹni pé kò síbẹ̀ rí.

Ìyá Adúmáradán rìn wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Ẹ bá mi mú apá tiyín náà wá, ẹ jọ̀ọ́.” Kí obìnrin náà tó ronú, Ìyá ti fa ìlà. Ó funfun bí ẹni fi ẹfun kọ̀wé. Ẹ̀rín pa gbogbo ìnáwó. Ìyá Ìjàgbo fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kí ó tó lọ ó ti ra òrí dání. Ó ní òun fẹ́ irú èyí tí wọ́n fi pa ìyàwó. Ìyá wò mí, mo wo Ìyá, a fún un ní òrí.

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti yí padà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Ìyá á gbóòórùn, èmi náà á gbóòórùn, kí agolo tó jáde. Nígbà tó ń dá mi sílẹ̀, ó gbé agolo kan tí a dé síwájú mi níwájú àwọn ẹbí, ó ní kí n ṣí i, kí n má sé èémí. Ìyẹn ni ìwé ẹ̀rí tèmi, mi ò ní òmíràn.

Múfútáù náà? Ó ń wá ra òrí fún ọwọ́ rẹ̀ tí gírísì ti bà jẹ́. Ó ń wá ní àárọ̀, ó ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní, “Ọwọ́ mélòó lo ní gan-an?” Òun ni bàbá àwọn ọmọ mi.

Lẹ́yìn òmìnira, ayé yára yí. Ẹ̀rọ ìlọta dé, mo sì gbé ọlọ mi lọ sẹ́yìn ilé. Mi ò sunkún nítorí rẹ̀, ẹ̀yìn mi mọ ohun tí ọlọ náà ti ṣe fún un. Ìpara inú ìgò dé láti Èkó, ó ń ta sánsán, àwọn ọmọge sì sá lọ sídìí rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, wọ́n á yọ́ wá sẹ́yìn ilé mi, wọ́n á fi ìborùn bo ìgò wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé, bó ṣe ìgò ni, bó ṣe agolo ni, kí wọ́n ṣáà rántí omi. Kí àlejò kọ́kọ́ wọlé ná.

Kí ogun abẹ́lé tó parí ni àìsàn dá Ìyá Adúmáradán dùbúlẹ̀. Mò ń lọ fi òrí pa á lára lójoojúmọ́. Màá fi omi rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, màá bu òrí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú.

“Àmínátù, imú mi ti lọ. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Bá mi gbọ́ ọ.”

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní, “Ó dára, Ìyá.”

Ó la ojú kan. “Ó dá ọ lójú? Ṣé kì í ṣe ti ọkọ rẹ?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Kì í ṣe tiẹ̀, Ìyá. Òrí ni.”

Ó ní, “Ó dáa. Pa á.”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló kú. Nígbà tí àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀kan nínú wọn jáde wá bá mi níta. Ó ní kí la fi ń pa ẹsẹ̀ Ìyá, pé gìgísẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Mo ní òrí ni. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.